Ilẹ̀ Tí Ó Jẹ́ Ti Adé Rí: Bí A Ṣe Ń Béèrè Pé Kí Àkóso Rẹ̀ Bọ́ Sọ́wọ́ Ìpínlẹ̀

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹgbẹ́ àdúgbò, ìdílé onílẹ̀ àti ẹnikẹ́ni ní Erékùṣù Èkó tàbí ní méńláńdì tí ó fẹ́ kọ ìwé sí àwọn aṣòfin pé kí àkóso ilẹ̀ kan tí ó wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ bọ́ sọ́wọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó. Púpọ̀ nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ti jẹ́ ilẹ̀ Adé rí, ìyẹn ilẹ̀ tí ìjọba amúnisìn gbà ní orúkọ ọba Gẹ̀ẹ́sì, tí a wá ń pè ní ilẹ̀ ìjọba lẹ́yìn tí Nàìjíríà kúrò lábẹ́ Adé náà. Àpẹẹrẹ tí mo máa tọ́ka sí jù lọ ni ti Skọ́tlándì, nítorí pé wọ́n ti gbé àkóso ilẹ̀ Adé kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù wá sí Edinburgh, olú-ìlú Skọ́tlándì, lójú ayé wa yìí, gbogbo ìgbésẹ̀ tí wọ́n gbé sì wà nínú òfin tí ẹnikẹ́ni lè kà. Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò ni mí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, mo sì ti kọ irú ìwé yìí nígbà kan, mo kọ ọ́ dànù, mo sì tún un kọ.

Ẹ kọ́kọ́ pinnu ohun tí ẹ ń béèrè

Gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú ìwé tí mo kọ dànù yẹn ni pé, “A fẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ dá ilẹ̀ wa padà.” Bàbá kan nínú ìgbìmọ̀ wa, tí ọjọ́ orí wọn ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n ní, “Akọ̀wé, ta ni ‘wa’? Ṣé ìdílé ni, àbí àdúgbò, àbí gómìnà? Bí wọ́n bá dá a padà láàárọ̀ ọ̀la, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ yóò bọ́ sí?” Kò sí ẹni tí ó rí èsì fọ̀ nínú ìpàdé ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe tú ká.

Ìbéèrè Bàbá ni ó yẹ kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Lórí ilẹ̀ èyíkéyìí, ipò mẹ́ta ni ènìyàn lè wà: ó lè jẹ́ onílẹ̀, ó lè jẹ́ alákòóso, ó sì lè jẹ́ ẹni tí ìṣákọ́lẹ̀ ń bọ́ sí lọ́wọ́. Ẹnì kan lè wà ní ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì lè jẹ́ pé ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n pín wọn. Ìwé tí ó bá pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni àwọn aṣòfin máa ń tètè fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí pé ohun tí ó rọrùn láti fi sílẹ̀ nínú rẹ̀ ti dàpọ̀ mọ́ ohun tí wọn kò lè fi sílẹ̀ láéláé.

Ó yẹ kí èyí yé ọmọ Èkó ju ẹlòmíràn lọ. Ìgà Ìdúngànràn tí ọba wà, oko ata Àrómirẹ́ ni ìtàn sọ pé ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́. Ọba ni ó ń ṣe olórí ìlú, àwọn ìjòyè Ìdẹ́jọ, irú àwọn Ọlúwà, Oníkòyí, Ọlọ́tọ̀ àti Àrómirẹ́ fúnra rẹ̀, ni wọ́n sì ni ilẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé pé òun fi Èkó lé Adé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní ọjọ́ 6 Oṣù Kẹjọ 1861, àwọn Ìdẹ́jọ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bí ọba ṣe lè fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ tọrẹ. Nínú ìwé kan náà ni wọ́n ti kọ ọ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá ń gbé ilẹ̀ fún ẹlòmíràn, èdìdì Dòsùnmú lára ìwé náà ni yóò jẹ́ ẹ̀rí pé kò sí ọmọ onílẹ̀ mìíràn tí ó ń jà sí i. Ẹ wò ó bí ìwé kan ṣe lè sọ ohun méjì nígbà kan náà.

Ọgọ́ta ọdún gbáko ni ọ̀rọ̀ náà fi jà rànìn kí ó tó ní ìdáhùn. Ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá, Olóyè Amodu Tijani tí í ṣe Ọlúwà ìgbà náà sì gbé ẹjọ́ rẹ̀ títí dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Herbert Macaulay bá a rìn lọ sí Ìlú Ọba ní 1920. Ní 1921 ni wọ́n dájọ́ pé òótọ́ ni pé àṣẹ gíga lórí ilẹ̀ Èkó bọ́ sọ́wọ́ Adé, ṣùgbọ́n àṣẹ gíga yẹn kò pa ẹ̀tọ́ àwọn tí wọ́n ń lo ilẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ rẹ́, owó gbà-máà-bínú tí ìjọba yóò sì san gbọ́dọ̀ jẹ́ ti onílẹ̀ gidi. Bí ìwé yín bá kan ilẹ̀ tí ìdílé kan ti ní rí, ẹ tọ́ka sí ìdájọ́ yìí, kí ẹ má sì sọ pé ó ṣe ju ohun tí ó ṣe lọ: kò dá ilẹ̀ Àpápá padà fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà kan náà ni Skọ́tlándì gbà. Láti 1760, nígbà tí Ọba George Kẹta gbé owó tí ń wọlé lórí ilẹ̀ Adé fún ìjọba tí wọ́n sì ń san owó ìtọ́jú fún un lọ́dọọdún, ilẹ̀ náà kò jẹ́ ti ọba fúnra rẹ̀, kò sì jẹ́ ti ìjọba pátápátá. Adé ni onílẹ̀. Àwọn kọmíṣánnà tí òfin 1961 là iṣẹ́ sílẹ̀ fún ni alákòóso. Ilé ìṣúra Ìlú Ọba ni owó ń lọ. Nígbà tí òfin Skọ́tlándì ti 2016, ní abala 36 rẹ̀, pa á láṣẹ pé kí wọ́n gbé e, alákòóso àti ẹni tí owó ń bọ́ sí lọ́wọ́ nìkan ni ó yí padà. Adé ṣì ni onílẹ̀ títí di òní, wọn kò fọwọ́ kan ìyẹn rárá, mo sì gbà pé ohun tí ó jẹ́ kí ó ṣeé ṣe láìsí ìjà ńlá nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ kọ gbólóhùn yín bí èyí: “A ń béèrè pé kí àkóso àti owó tí ń wọlé lórí ilẹ̀ tí a tò sí ẹ̀yìn ìwé yìí bọ́ sọ́wọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó, kí ipò onílẹ̀ sì wà bí òfin ti wí.” Bí ó bá jẹ́ pé ipò onílẹ̀ gan-an ni ẹ ń lé, ẹ kọ ìyẹn sínú ìwé ọ̀tọ̀. Ìwé kejì yẹn yóò pẹ́ kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ.

Ẹ to ilẹ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan

Iṣẹ́ pọ̀ jù níbí, owó yín sì máa tán síbí jù. “Gbogbo ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ní Èkó” kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè gbé fúnni. Nígbà tí àbọ̀ ìgbìmọ̀ tí Lord Smith ṣe alága rẹ̀, èyí tí wọ́n ní kí ó sọ agbára tí yóò tún bọ́ sọ́wọ́ Skọ́tlándì, jáde ní Oṣù Kọkànlá 2014, oṣù méjì péré lẹ́yìn ìdìbò tí Skọ́tlándì ṣe lórí ìyapa, wọn kò sọ pé “ilẹ̀ Adé” lásán. Wọ́n dárúkọ ilẹ̀ abẹ́ òkun, etí òkun tí omi ń bò tí ó sì ń fà sílẹ̀, oko ńláńlá ìgbèríko, ilé inú ìlú, ẹ̀tọ́ lórí ohun àlùmọ́ọ́nì àti ẹ̀tọ́ ẹja pípa. Nígbà tí ọjọ́ gbígbé pé, àwọn oko bíi Glenlivet àti Fochabers bọ́ sí i, ẹ̀tọ́ lórí wúrà àti fàdákà inú ilẹ̀ bọ́ sí i, ilé kan ní òpópónà George Street ní Edinburgh náà bọ́ sí i.

Ohun kan kò bọ́ sí i. Ọjà ńlá kan wà ní ẹ̀yìn Edinburgh tí wọ́n ń pè ní Fort Kinnaird. Nítorí pé inú àjọṣe òwò pẹ̀lú àwọn mìíràn ni àwọn kọmíṣánnà Lọ́ńdọ̀nù ti ní ìpín níbẹ̀, tí kì í ṣe Adé ni ó ni ilẹ̀ náà tààrà, ó ku sọ́wọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Skọ́tlándì bínú sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ wúlò fún wa: orúkọ tí ó wà lórí ìwé ni ẹ óò wò, ẹ má wo ohun tí gbogbo ènìyàn ń pè é lójú pópó.

Bí ẹ óò ṣe to tiyín nìyí. Ẹ gba wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tí ó ní ìwé-àṣẹ kí ó bá yín mú nọ́ńbà igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ náà, kí ó sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General, ìyẹn olórí àwọn wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ìpínlẹ̀, ní Alausa tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi ṣe ibùjókòó, láti fi wé àwòrán ilẹ̀ tí ó wà níbẹ̀. Èsì tí wọ́n bá fún yín yóò sọ bóyá ilẹ̀ náà wà lábẹ́ ìgbàlẹ̀ ìjọba, àti bóyá ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó gbà á tàbí ti àpapọ̀. Ẹ má ṣe gba àwòrán tí ọmọ onílẹ̀ kan bá fà lé yín lọ́wọ́ láìlọ wò ó ní Alausa. Mo mọ ẹgbẹ́ kan tí ó kọ ojú ìwé mẹ́rìnlá lórí ilẹ̀ tí ó ti wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá gásẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìwé ìkéde ìjọba, tí wọ́n fi gba ilẹ̀ náà. Inú rẹ̀ ni ẹ óò ti rí ọdún tí wọ́n gbà á, ohun tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ṣe, àti bí ó ti tóbi tó. Bí ohun tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ṣe kò bá sí lórí ilẹ̀ náà mọ́, ọ̀rọ̀ ńlá ni ìyẹn nínú ìwé yín.

Ọjọ́ kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé bí ẹ bá ń tò: ọjọ́ 29 Oṣù Kẹta 1978. Ọjọ́ náà ni Òfin Ìlò Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fi ilẹ̀ inú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n abala 49 rẹ̀ sọ pé ilẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ tàbí àjọ rẹ̀ bá ti ní lọ́wọ́ ní ọjọ́ yẹn yóò ṣì jẹ́ tirẹ̀, ìbáà jẹ́ ilẹ̀ tí ilé wà lórí rẹ̀ tàbí ilẹ̀ òfìfo. Níwájú ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá tò, ẹ kọ ẹni tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ yẹn àti ìwé tí ó fi hàn bẹ́ẹ̀. Èkó ni olú-ìlú Nàìjíríà nígbà náà, kò sì kúrò bẹ́ẹ̀ títí di Oṣù Kejìlá 1991, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ fi pọ̀ ní Ìkòyí, ní Marina àti ní Sùúrùlérè ju bí ẹni tí kò mọ ìtàn ṣe lè rò lọ.

Ẹ wá ibi tí òfin ti ìlẹ̀kùn

Bí àkójọ yín bá ti pé, ẹ pín ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sí ọ̀nà méjì: èyí tí ó nílò àtúnṣe sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè, àti èyí tí Ààrẹ tàbí mínísítà lè fọwọ́ sí láìtún òfin kankan ṣe. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì pọ̀ gan-an. Òfin Ìlò Ilẹ̀ kì í ṣe òfin lásán tí ilé aṣòfin lè yí padà ní ìjókòó kan. Abala 315 nínú ìwé òfin 1999 ti so ó mọ́ ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fọwọ́ kan abala 49 gbọ́dọ̀ rí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé aṣòfin àgbà, ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé aṣojú-ṣòfin, àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36. Ẹ ṣírò iye ìpínlẹ̀ tí kò ní nǹkan kan jẹ nínú ilẹ̀ Èkó, kí ẹ wá sọ fún mi bí ọ̀nà náà ti jìn tó.

Ọ̀nà kejì kúrú díẹ̀. Abala 51 òfin kan náà fi agbára tí gómìnà ní lórí ilẹ̀ sí ọwọ́ olórí ìjọba àpapọ̀ tàbí mínísítà tí ó bá yàn, lórí ilẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ní nínú ìpínlẹ̀ èyíkéyìí. Ẹni tí ó ní agbára láti fi ilẹ̀ fúnni lè fi í fún ìpínlẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ ṣe gbé ilé Ààrẹ tí ó wà ní Marina fún Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2017 láìtún ìwé òfin ṣe. Bí àkójọ yín bá ní ilẹ̀ márùn-ún, ó sàn kí ẹ béèrè mẹ́ta ní ọ̀nà yìí kí ẹ sì fi méjì sí ìwé àtúnṣe òfin, ju kí ẹ fi márààrún sínú ìrètí kan ṣoṣo.

Ó ní ohun tí ìpínlẹ̀ ti ní lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ má lọ máa tọrọ rẹ̀. Ní 2003, Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ nínú ẹjọ́ tí Èkó pe ìjọba àpapọ̀ pé ètò ìlú àti àṣẹ ìkọ́lé jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó ni ilẹ̀ lè jẹ́ ìjọba àpapọ̀, kí àṣẹ ìkọ́lé sì jẹ́ ti Alausa. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ bí àwọn méjèèjì kò bá fohùn ṣọ̀kan wà ní Ìkòyí fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ wò: ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ àtijọ́, tí wọ́n tà ní 2006, dúró gbagidi ní òfìfo fún ọdún gbọọrọ nítorí pé ìpínlẹ̀ kò gbà pẹ̀lú ohun tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ dà. Èmi a máa fi ilé yẹn ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwé, nítorí pé kò sí aṣòfin tí kò rí i rí.

Ó sì ní ohun tí ẹ kò lè rí gbà nípa ìwé kíkọ. Ní Skọ́tlándì, ilẹ̀ abẹ́ òkun títí dé máìlì òkun 12 ni ó wà nínú ohun tí wọ́n gbé, òun ni ó sì ń mówó wọlé jù. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2002, Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé ibi tí omi òkun bá fà sí dé ni ààlà ìpínlẹ̀ etí òkun, abala 44 ìwé òfin sì ti fi epo, gáàsì àti ohun àlùmọ́ọ́nì inú omi sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀. Lórí ọ̀sà àti odò pàápàá, Ilé-ẹjọ́ kan náà gbè sẹ́yìn ìjọba àpapọ̀ ní 2024 lórí ẹni tí ó ni àṣẹ ọ̀nà omi. Bí ẹ bá kó ọ̀sà pọ̀ mọ́ ilé àti ilẹ̀ òfìfo nínú ìwé kan, ẹ ti fún ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yín ní àwáwí. Ẹ fi etí ọ̀sà sílẹ̀ fún ìgbà mìíràn.

Ta ni yóò di alákòóso, kí ni yóò sì máa ṣe?

Ìwé púpọ̀ ni ó máa ń dúró sí “kí wọ́n gbé e fún ìpínlẹ̀.” Ìpínlẹ̀ wo? Ọ́fíìsì wo? Skọ́tlándì kò fi ilẹ̀ Adé sínú ọ́fíìsì olórí ìjọba wọn. Wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò dúró fún ìgbà díẹ̀, òun ni ó gba ilẹ̀ náà ní ọjọ́ 1 Oṣù Kẹrin 2017. Lẹ́yìn náà ni ilé aṣòfin wọn fara balẹ̀ ṣe òfin tí yóò pẹ́, èyí tí ó di òfin ní Oṣù Kìíní 2019. Ọgbọ́n wà nínú kí a kọ́kọ́ gbà á sílé, kí a tó jókòó jiyàn lórí bí a óò ṣe máa lò ó títí láé.

Inú òfin 2019 yẹn ni ẹ ti lè wo àpẹẹrẹ iṣẹ́ alákòóso. Ó ní kí alákòóso má jẹ́ kí iye ilẹ̀ náà àti owó tí ń wọlé lórí rẹ̀ dín kù, kí ó sì máa gbìyànjú láti mú un pọ̀ sí i. Ó tún ní kí ó máa lò ó lọ́nà tí yóò mú ọrọ̀ ajé, àtúnṣe àdúgbò, ìgbé-ayé àwọn ènìyàn àti àyíká dára sí i. Apá kejì yẹn ni ohun tuntun. Lábẹ́ òfin 1961, owó ni àwọn kọmíṣánnà ń wò jù. Òfin tuntun náà sọ pé ẹnikẹ́ni kò lè ta ilẹ̀ abẹ́ òkun láìjẹ́ pé àwọn mínísítà fọwọ́ sí i. Ohun tí mo máa fi kún un fún Èkó ni pé kí títa èyíkéyìí kọ́kọ́ hàn nínú gásẹ́ẹ̀tì, kí oṣù mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. A mọ bí ilẹ̀ ṣe máa ń rìn lóru ní ìlú yìí.

Lórí owó, ẹ múra sílẹ̀ fún ìbéèrè kan tí yóò wá láti Abuja: “Kí ni àwa yóò gbà dípò rẹ̀?” Skọ́tlándì dáhùn ìbéèrè yìí kí wọ́n tó gba kọ́kọ́rọ́. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé iye èrè tí ilẹ̀ náà ń mú wá kí wọ́n tó gbé e ni wọn yóò yọ kúrò nínú owó tí Lọ́ńdọ̀nù ń pín fún Skọ́tlándì. Èrè tí ó bá wọlé ju ìyẹn lọ di ti Skọ́tlándì. Kò pẹ́ tí ó fi hàn pé wọn kò ṣe òmùgọ̀. Ní Oṣù Kìíní 2022, nígbà tí wọ́n fi ààyè òkun sílẹ̀ fún àwọn tí ó fẹ́ fi afẹ́fẹ́ ṣe iná mànàmáná, iṣẹ́ 17 ni wọ́n fọwọ́ sí, owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn láti fi di ààyè náà mú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 700 mílíọ̀nù pọ́ùn. Ẹ ṣe irú ìṣirò yẹn fún ilẹ̀ tiyín: èló ni ó ń wọlé lórí rẹ̀ lónìí, èló ni ẹ sì gbàgbọ́ pé yóò wọlé bí wọ́n bá tún un ṣe? Bí ẹ kò bá rí iye ti òní, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ béèrè, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ béèrè àti ọ́fíìsì tí ẹ bi. Òfin ìráyè sí ìròyìn ìjọba, èyí tí ó jáde ní 2011, fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè.

Àwọn tí ń gbé orí ilẹ̀ náà, àti ohun tí yóò kù sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀

Ẹ má jẹ́ kí ayálégbé kankan kà nínú ìwé ìròyìn pé ẹ fẹ́ gbé ilẹ̀ tí ó wà lórí rẹ̀. Ní Skọ́tlándì, àdéhùn gbogbo ayálégbé àti iṣẹ́ gbogbo òṣìṣẹ́ bá ilẹ̀ náà lọ bí ó ti rí, kò sí ẹni tí ó jí lówùúrọ̀ ọjọ́ náà tí ó bá ara rẹ̀ níta. Ẹ kọ ọ́ ní gbólóhùn kan tí kò ní àbùlà: “Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìwé àdéhùn tí ó tọ́ lórí ilẹ̀ náà ní ọjọ́ tí a bá gbé e yóò wà lórí rẹ̀ títí àdéhùn náà yóò fi pé.” Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá wọn. Ní tiwa, àwọn oníṣòwò tí a kò bá sọ̀rọ̀ ni ó kọ́kọ́ kọ ìwé takò wá, ẹ̀bi wa sì ni.

Ìjọba àpapọ̀ yóò ní ohun tí ó fẹ́ mú dání, ó sì yẹ kí ẹ ti kọ ọ́ kí ó tó béèrè. Òfin Skọ́tlándì dáàbò bo ohun tí ó kan ààbò orílẹ̀-èdè, wáyà iná àti ti tẹlifóònù, àti páìpù epo àti gáàsì. Ní Èkó, ìyẹn túmọ̀ sí bárékè, ibùdó ọmọ ogun ojú omi àti èbúté. Bí ilẹ̀ tí ẹ tò bá fara kan ọ̀kan nínú wọn, ẹ kó ìwọ̀nba tí ó fara kàn yẹn kúrò.

Kí ó má baà dúró sí Alausa

Àwọn erékùṣù Shetland, Orkney àti ti ìwọ̀-oòrùn Skọ́tlándì ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé àwọn kò fẹ́ kí ohun tí ó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù wá há sí Edinburgh. Ìgbìmọ̀ Smith gbà pẹ̀lú wọn, òfin 2019 sì ṣí ọ̀nà sílẹ̀ kí ìjọba ìbílẹ̀, aláṣẹ èbúté tàbí ẹgbẹ́ àdúgbò lè béèrè láti máa ṣàkóso ilẹ̀ kan fúnra wọn. Èrè tí ó bá sì wọlé láti inú òkun títí dé máìlì 12 ni ìjọba Skọ́tlándì ń pín fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ó wà létí òkun.

Níbí ni èmi àti púpọ̀ nínú àwọn tí a jọ kọ ìwé wa kò ti fẹnu kò. Àwọn kan ní kí a kọ́kọ́ gba ilẹ̀ náà wálé, kí a tó sọ ti ìpín. Èrò tèmi ni pé ohun tí kò bá sí nínú ìwé àkọ́kọ́, agbára káká ni yóò fi wọ inú ìwé kejì, àti pé ìdílé Ìdẹ́jọ tí kò rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ kò ní ìdí láti gbà gbọ́ pé òun yóò rí i gbà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Ohun tí a fẹnu kò sí nígbẹ̀yìn ni abala kan tí ó sọ pé ìdá kan nínú èrè ọdọọdún, tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ yóò dá iye rẹ̀, máa lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ tí ilẹ̀ náà wà, àti pé ìdílé tí ó bá ní ẹ̀rí pé òun ni ó ni ilẹ̀ náà kí ìjọba tó gbà á yóò ní aṣojú kan nínú ìgbìmọ̀ alákòóso. Ẹ lè mú un, ẹ sì lè ṣe tiyín lọ́nà mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ kọ nǹkan kan síbẹ̀.

Fífi ìwé ránṣẹ́

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìwé náà kọjá ojú ìwé mẹ́fà, àkójọ ilẹ̀ àti àwòrán wọnlẹ̀wọnlẹ̀ yóò wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹni mẹ́ta fọwọ́ sí i: alága, akọ̀wé, àti aṣojú ìdílé tàbí àdúgbò tí ọ̀rọ̀ kàn jù. Ẹ tẹ ẹ̀dà márùn-ún: ọ̀kan fún ìgbìmọ̀ tí ń tún ìwé òfin ṣe ní ilé aṣòfin àgbà, ọ̀kan fún ti ilé aṣojú-ṣòfin, ọ̀kan fún mínísítà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó ní Alausa, ìkarùn-ún sì wà fún yín. Ẹ̀dà karùn-ún yìí ni kí ẹ mú dání lọ sí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ “a ti gbà á” sára rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà ìwé síbẹ̀. Bí ẹni tí ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà bá ní kí ẹ fi í sílẹ̀ kí ẹ padà wá gba òǹtẹ̀ lọ́la, ẹ wá ìjókòó, kí ẹ sì dúró dè é.